Nígbà Tí Ewu Bá Ti Kọjá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìgbèjà, Ẹ̀san àti Ẹ̀mí Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí wúwo: ǹjẹ́ ìgbà kan wà tó tọ́ kí ènìyàn gba ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀? Mi ò ní fi ìdáhùn mi pa mọ́. Ìgbà kan wà tó tọ́, ṣùgbọ́n ìgbà náà kò pọ̀, ó sì máa ń tán kíákíá ju bí ẹni tí inú ń bí ṣe rò lọ. Ewu tó wà níwájú ẹni, tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti fi dá a dúró, òun nìkan ló lè mú kí ọwọ́ ènìyàn mọ́ nínú ikú ẹlòmíràn. Bí ewu náà bá ti kọjá, ẹ̀tọ́ náà ti bá a lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó wà lọ́wọ́ wa burú bí èṣù. Èyí ni gbogbo ohun tí mo wá sọ. Ìtàn ilẹ̀ wa ni mo sì fẹ́ fi dán an wò, torí ìlú tí ìtàn ti gbé ìbéèrè yìí kò lójú tó Òṣogbo àti Iléṣà kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti ìlú yìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin tí òkìkí wọn ti kàn láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti di ahoro ṣáájú, àwọn tí orí kó yọ níbẹ̀ sì ti fọ́n ká sí Ìbàdàn, sí Ìjàyè, sí Òṣogbo fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó wà nínú odi ìlú nígbà náà tí kò mọ ohun tó ń dúró dè é bí odi bá wó: ikú ni, tàbí oko ẹrú. Atáọ́ja, ọba ìlú, ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì rán ogun wá lábẹ́ Balógun Odérìnlọ́. Òru ni wọ́n kọlu àgọ́ Ìlọrin, àwọn ẹlẹ́ṣin kò sì ráyè lo ẹṣin wọn bó ti yẹ. Ogun náà fọ́ yángá, Ìlọrin kò sì tún ráyè sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Òṣogbo fi kún un pé Òṣun fúnra rẹ̀ para dà di olóúnjẹ, ó ta ẹ̀fọ́ yánrin fún àwọn tó dó ti ìlú, inú sì run wọ́n. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà. Òṣogbo kò gbà. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ohun tí wọ́n ṣe lóru ọjọ́ náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ.

Àwọn kan wà tí kò ní gbà fún mi níbí yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, kò sì sí ìdí kankan tó lè mú kí ẹ̀dá gbà á. Wọn yóò tọ́ka sí Gandhi ní Íńdíà àti Martin Luther King ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi sùúrù àti ìfaradà mi agbára ńlá láìta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìdáhùn mi pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn akọni méjèèjì yìí bá ìjọba tó ní ilé ẹjọ́, ìwé ìròyìn àti ará ìlú tó lè tijú wí. Wọ́n rí ẹni pe ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ta ni ìyá ọlọ́mọ inú odi Òṣogbo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí? Èkejì ló ká mi lára jù. Ẹni tó bá yàn láti kú dípò kó pani, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló yọ̀ǹda, ìyẹn sì lè jẹ́ ìwà mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọdé àti arúgbó sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní àṣẹ láti yọ̀ǹda ẹ̀mí tiwọn. Bí ó bá káwọ́ gbera tí wọ́n sì kó wọn lọ, ọwọ́ tó ká gbera yẹn kò mọ́.

Ohun tó tẹ̀lé ìṣẹ́gun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Wọ́n mú àwọn ènìyàn ńlá Ìlọrin lóru ọjọ́ yẹn. Ìtàn fi yé wa pé wọ́n yọ́ dá àwọn kan nínú wọn padà sílé, gẹ́gẹ́ bí ìwà ọmọlúwàbí láàárín jagunjagun sí jagunjagun. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú wọn, tí wọ́n bá Ìlọrin jagun, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí, wọ́n sì pa wọ́n. Ogun kan náà ni gbogbo wọn jọ jà, okùn kan náà ni wọ́n fi dè wọ́n. Àwọn tó dá ìgbèkùn kan padà láàyè ti fi ọwọ́ ara wọn jẹ́rìí pé ìgbèkùn kì í ṣe ewu mọ́. Kí ló wá pa àwọn yòókù? Ìbínú ni. Mo mọ̀ pé ìbínú náà ní ìdí, nítorí ó dun ni kí ọmọ ilé ẹni fi ọ̀nà han ogun. Síbẹ̀, ìdí tó mú ìjà òru náà tọ́ kò bá wọn dé ibi tí wọ́n ti pa àwọn tí wọ́n dè lókùn. Ẹni tó rò pé nítorí Òṣogbo jàre ogun, gbogbo ohun tó tẹ̀lé ogun ló jàre, ẹni náà ti fi àre kan ra ẹ̀bi púpọ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló mú ọ̀rọ̀ yìí le. Ìbàdàn tó gba Òṣogbo sílẹ̀ náà ló padà di ọ̀gá líle. Ní ọdún 1870, Iléṣà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú wọn, sí ìlú púpọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń kó oúnjẹ, ń kó ẹran, ń mú ènìyàn, ń fọwọ́ pa obìnrin olóbìnrin lára. Ọ̀ràn obìnrin ni ìtàn sọ pé ó kún Fábùnmi, ọmọ ọba Òkè-Ìmẹ̀sí, lójú ní ọdún 1878, tó fi yọ idà sí àwọn ará ilé ajẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti ràn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé Iléṣà di olórí ogun wọn, Ààrẹ Látòósà sì kó ogun Ìbàdàn wá. Àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ko ara wọn lójú fún ọdún gbọọrọ nínú ogun tí a ń pè ní Kírìjì, lórí òkè àti nínú àfonífojì tí ará Ọ̀ṣun òde òní ń wakọ̀ kọjá láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹni tó bá ń tẹ́tí sí mi dáadáa yóò ti rí ohun tó lè fi mú mi. Mo ní ewu tó wà níwájú ẹni nìkan ló fún ni láṣẹ; ṣé idà wà lọ́rùn Òkè-Ìmẹ̀sí láàárọ̀ ọjọ́ tí Fábùnmi dìde ni? Ìyà àmújẹ ojoojúmọ́ kì í kúkú ṣe ogun. Ìbéèrè yìí le, ó sì ti jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi tò. Kò di ìgbà tí abẹ bá kan ọrùn kí a tó pe nǹkan ní ewu. Ìlú tí wọ́n ti ń mú ọmọ lọ lónìí, tí wọ́n mú òmíràn lánàá, tí wọn yóò mú òmíràn lọ́la, ewu ń gbé ibẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n lè wá mú nígbàkigbà kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti na idà sí. Ohun tó kù láti wò ni bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Adájọ́ wo ló wà láàárín Ìbàdàn àti Òkè-Ìmẹ̀sí? Ilé ẹjọ́ tó wà náà, ti Ìbàdàn ni. Nítorí náà mo gbà pé ìdìde Èkìtìparapọ̀ tọ́, n kò sì rò pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kankan ní láti tijú orúkọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí náà ni yóò wọn ohun tó tẹ̀lé e, kò sì ní ṣojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlú púpọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti pa ajẹ́lẹ̀, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ tó fọwọ́ kan obìnrin nìkan ló kú. Ọ̀pọ̀ tí kò ṣe ju pé wọ́n jẹ́ ará Ìbàdàn lọ bá a lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 kan náà, nígbà Ogun Jálumi lẹ́bàá Ìkirun, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn tó para pọ̀ kọlù ú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ sì kú sínú odò Ọ̀tìn pẹ̀lú ogun lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ti kẹ̀yìn, tó ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀, irú ewu wo ló tún jẹ́? Lẹ́yìn èyí ni ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, Látòósà kú sí ojú ogun ní 1885, ogun kò sì ṣíwọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń sáré láàárín àgọ́ méjèèjì. Ìwé náà sọ pé Èkìtìparapọ̀ ti gba òmìnira. Ìbàdàn di Ọ̀tan, Ìresì, Àdà àti Ìgbájọ mú, wọ́n sì gbà pé kí ará ìlú wọ̀nyí tó bá fẹ́ kó kúrò máa lọ. Ohun tí Fábùnmi torí rẹ̀ yọ idà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nìyẹn, orí ìwé ni wọ́n sì ti rí i gbà. Síbẹ̀ àgọ́ kò tú títí di oṣù Kẹta ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Ọ̀ràn ìjà Ọ̀fà àti Ìlọrin wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó fọkàn tán ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ni àwọn tó kú láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́fà àbọ̀ yẹn kú fún. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti lé ajẹ́lẹ̀ ti tọ́ ìran kan dàgbà tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ, àwọn ọmọ ogun tó padà sílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ará ilé tiwọn lẹ́nu, débi pé ní 1894 àwọn òyìnbó mú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé fúnra rẹ̀ nítorí ìwà àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a kò bá tètè jù ú sílẹ̀, idà tí a fi gba ọmọ wa lọ́wọ́ ajínigbé lè wá di ti ajínigbé lọ́wọ́ wa.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ èyí. Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, bí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá ta sílẹ̀ níbi ìjà, ọ̀ràn náà di ti Ògbóni, nítorí a ti ṣẹ Ilẹ̀, ètùtù sì di dandan. Kì í ṣe pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jàre kí ètùtù tó wáyé. Mo rí ọgbọ́n ńlá nínú èyí. Ó ń sọ pé ikú tí ọwọ́ ènìyàn fà máa ń ba nǹkan jẹ́, kódà nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe, àti pé ẹni tó pani láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ jó wọ̀lú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí òde òní. Ẹnìkan pariwo olè lọ́jà. Kí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ tó yọ síta, èrò ti pé. Ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀, wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú, kò rí ẹni tó ń lù ú mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan yóò sáré gbé taya tó ti gbó wá láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, tí ẹlòmíràn yóò máa fa bẹntiróòlù láti inú ọ̀kadà sínú kẹ́ẹ̀gì. Láàárín ìgbà tí wọ́n dè é lọ́wọ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣáná, ewu wo ló wà lára rẹ̀? Kò sí. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òun gan-an ló jalè, ìpànìyàn ni wọ́n ṣe. Bí kì í bá sì ṣe òun ńkọ́? Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ní Uromi ní Ìpínlẹ̀ Edo, àwọn èrò dá ọkọ̀ tó gbé àwọn ọdẹ láti òkè ọya dúró. Wọ́n rí ìbọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n, wọ́n sì pa ènìyàn 16. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ń gbé ìbọn rìn. Kí ni a ó sọ bí ìlú òkèèrè bá rí tiwa lójú ọ̀nà tó sì ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ń ṣe irú èyí á ní ọlọ́pàá kì í tètè dé, pé bí wọ́n bá sì mú olè lọ sí àgọ́ wọn, ọ̀la ni yóò padà sí àdúgbò. Mo mọ̀ pé ìkanra yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wọn ti rí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 2020. Bí Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọdẹ bá ko ajínigbé lójú nínú igbó, tí ajínigbé nàbọn sí ẹni tó jí gbé, tí ọdẹ sì yìnbọn lù ú, n kò ní sọ pé ọdẹ jẹ̀bi. Ẹ̀ka 33 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà kò sọ bẹ́ẹ̀: ó gba ni láàyè láti gbèjà ara ẹni tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, níwọ̀n ìgbà tí agbára tí a lò kò bá kọjá ohun tó pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí ajínigbé bá ju ìbọn sílẹ̀ tó sì gbọ́wọ́ sókè, iṣẹ́ ọdẹ ti parí. Àìlera ọlọ́pàá jẹ́ ìdí láti tún ọlọ́pàá ṣe, kò sọ ẹni tí a ti dè di ewu.

Ẹ̀ka 33 yìí kan náà fàyè sílẹ̀ fún ìjọba láti pa ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dájọ́ ikú fún. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn òfin. Kò sí ìgbèkùn tí a dè gbọn-in tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ yẹgi fún un. Ọdún púpọ̀ ló ti lò lẹ́wọ̀n, ògiri yí i ká, wọ́dà ń ṣọ́ ọ. Bí ewu nìkan bá ló ń fún ni láṣẹ, àṣẹ yìí kò sí lọ́wọ́ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí lọ́wọ́ àwọn èrò tó gbé taya. Àwọn tó ń gbèjà ìdájọ́ ikú yóò ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó dáa. Ṣé ìka tó ṣẹ̀ la máa ń gé lóòótọ́, ṣé ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ náà sì la fi ń gé e? Ní Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní 2010. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé kí wọ́n yẹgi fún òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nítorí ìdigunjalè. Adìẹ àti ẹyin wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n jí, ohun tí gbogbo ayé sì rántí nìyẹn. Ilé ẹjọ́ ní ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn, kò sì yẹ ká fojú kéré èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ariwo ta káàkiri orílẹ̀-èdè, Gómìnà Ademola Adeleke sì fún un ní ìdáríjì. Bí gómìnà kan bá ti buwọ́ lùwé ikú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ta ni ìdáríjì ì bá dé bá?

Ti pé ìbẹ̀rù ikú ń dá ọ̀daràn dúró, ìtàn wa kò tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, wọ́n sì ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní Bar Beach l'Ékòó lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ìshọ̀lá Oyènúsì wà lára wọn ní 1971. Ní 1986, adigunjalè Lawrence Anini ń da ìlú Benin rú bí ẹni pé kò gbọ́ ìró ìbọn yẹn rí. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbé lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, tó ti pa ìdájọ́ ikú tì. Tógò pa á tì ní 2009. Ọmọ ìyá wa ni àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, a kò sì gbọ́ pé àìsí igi ìyẹgi sọ ọ̀nà oko wọn di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn.

Ohun kan ló kù tó máa ń le fún mi láti dáhùn, kì í sì í ṣe ti onímọ̀ òfin. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè pé ẹ̀mí ọmọ òun ńkọ́. Mi ò lè wò ó lójú kí n máa ka ìtàn Kírìjì fún un. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún un pé ohun tí a jẹ ẹ́ pọ̀ ju okùn lọ, a kò sì tíì san ọ̀kan nínú rẹ̀: ọlọ́pàá tó wádìí kí ẹ̀rí tó nù, ẹjọ́ tí kò falẹ̀ títí ẹlẹ́rìí fi kú, ẹ̀wọ̀n tí owó kò lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, àti ìrànwọ́ láti owó ìlú fún àwọn ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ̀ka 212 ìwé òfin wa fún gómìnà Ọ̀ṣun lágbára láti dárí jini tàbí láti sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n fún àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jẹ mọ́ òfin ìpínlẹ̀, láìdúró de Abuja. Ó ti lò ó fún ọmọ Òkukù nígbà tí ariwo pọ̀. Mo fẹ́ kí ó lò ó fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pariwo nítorí wọn, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Òṣogbo sì gbé òfin ìrànwọ́ fún àwọn ẹbí olóògbé kalẹ̀ láàárín sáà tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ yìí.